Ẹni Tó Bá Ń Kiri Ẹmu, Kó Gbé Agogo Sílẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìfaradà fún àwa òǹkàwé tí a kì í rántí yín àfi tí inú bá ń bí wa. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí. Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, iṣẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Ṣàgámù lọ́dún 1978, nígbà tí rédíò bá bàjẹ́ tí ènìyàn á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ bí ẹni gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Lónìí, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra tuntun tí wọ́n kó dé láti Ṣáínà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ṣì ń ti ibẹ̀ jáde, mo dúpẹ́.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ tí wọ́n ń pe rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Yóò sọ tirẹ̀, ìwọ ò ní lè dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ti gbìyànjú láti dá rédíò lóhùn, ẹ ó gbọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ₦46,000. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, mò ń lọ síbi òkú àna mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò sì ní padà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ka owó náà lé ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ pé tó bá di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó gba Alábà lọ, kó bá mi ra sípíkà, bátìrì àti àwọn èròjà wẹ́wẹ́. Ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ mi fún ọdún méjì. Kò tíì jí nǹkan kan rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tan rédíò sórí ètò eré ìdárayá tí gbogbo wa máa ń gbọ́ lágbègbè yìí. N kò ní dárúkọ ètò náà, n kò ní dárúkọ atọ́kùn rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé tẹ́tẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Atọ́kùn náà ní òun bá ẹnì kan nínú àgọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sọ̀rọ̀ lóru àná, pé ara agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn tó ti ṣèṣe ti yá, pé yóò gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Ó ní ẹni tó bá gbọ́n, kó gbọ́n. Lẹ́yìn náà ló ka kóòdù kan, nọ́ńbà tí ènìyàn máa fi ta tẹ́tẹ́ náà, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹni tí kò bá rí bírò lè rí i.

Ọmọ mi gbọ́n. Ó kó gbogbo ₦46,000 náà lé e. Agbábọ́ọ̀lù iwájú tí a ń wí yìí kò tilẹ̀ sí lórí bẹ́ǹṣì. Tíkẹ́ẹ̀tì já kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹni tó ń ka èyí: olè ni ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀, ó sì ń san owó náà fún mi ní ₦2,000 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló mọ, n kò ní fi bírò mi ṣòfò. Ohun tó kó sí mi lọ́kàn ni èsì tó fún mi nígbà tí mo bi í pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi waaro ọwọ́, kí ló dé tó fi gba ẹni tí kò mọ̀ rí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni n kò mọ nǹkan. Ó ní, “Bàbá, ìròyìn ni wọ́n ń sọ nígbà yẹn o.”

Kò ní wọ́n ń polówó. Ó ní ìròyìn.

Bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ọmọ náà gun ọ̀kadà lọ sí Ìlíṣàn láti lọ gbé áńpù kan. A rí bánà ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, àwòrán atọ́kùn wa ló wà níbẹ̀, ó wọ fìlà ilé tẹ́tẹ́ náà, ó fi eyín hàn wá láti òkè dé ilẹ̀. Aṣojú wọn ni. Owó wọn ló ń jẹ. Ilé tẹ́tẹ́ yìí kan náà ló ni kóòdù tó kà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, láàárín ìròyìn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà wo bánà náà títí tí a fi kọjá. Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò rí nǹkan sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, akéde kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé adẹ́mu ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé akèrègbè lé èjìká, á máa kiri, “Ẹmu ògidì rè é o! Kò lómi o!” Bí ọba bá sì rán an níṣẹ́, ẹnu yẹn náà ni, ohùn yẹn náà ni, ṣùgbọ́n agogo á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá ti gbọ́ kó, kó, kó, àwọn ìyá wa á gbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, àwa ọmọdé á dákẹ́, àwọn tó ń jà pàápàá á sinmi. Bóyá wọ́n fẹ́ ṣe orò ni, bóyá wọ́n fẹ́ yẹ ọ̀nà odò, bóyá àjèjì kan ló sọnù. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ń fi akéde yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ayò. Wọ́n ní kí ló dé tí kò kúkú máa lu agogo yẹn nígbà tó bá ń kiri ẹmu, gbogbo ilé ni yóò jáde, ẹmu á tán kó tó dé ojú ọjà. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wọ́n á jáde lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí ọba bá wá rán mi ńkọ́?”

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ, Olóòtú. N kò bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan jà pé ó ń kiri ẹmu. Ẹnu rẹ̀ ni oko rẹ̀. Agogo ni mo ní kó gbé sílẹ̀.

Ẹ má rò pé bàbá arúgbó kan ló ń sunkún àtijọ́. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́dún 1980. Ọmọ iṣẹ́ ni mo jẹ́ ní Ṣàgámù nígbà tí Nàìjíríà gbá Àlùjíríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sáwọ̀n, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ọ̀gá mi gbé rédíò méjì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn Gàm̀bàrí tó ń di obì láti Sábó náà wá dúró tì wá, wọn ò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fò. Ayé Ernest Okonkwo nìyẹn, ẹni tó sọ Ọdẹ́gbàmí di “Mathematical”. Bó bá ti pe orúkọ yẹn, o ti rí igun tí bọ́ọ̀lù máa gbà wọlé kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìjọba ló ni gbogbo rédíò tó wà ní Nàìjíríà. Ta ni yóò jókòó síbẹ̀ tí yóò sọ pé owó pápá ìṣeré kan ti rá? Ọdún 1992 ni wọ́n tó ṣòfin tó dá NBC, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì jẹ́ kí aládàáni lè ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹnu ti ń jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà náà, gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bọ́ ọ.

Ìkẹ́nnẹ́ ni mo sì ń gbé, ìlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òun ló dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ lọ́dún 1949, ìjọba rẹ̀ ló sì dá tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959. Ẹni tó bá ra Tribune láyé ìgbà náà mọ ẹ̀yìn ẹni tó dúró sí. Bí o bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, o ti mọ ohun tí wàá yọ kúrò kó o tó gbé ìyókù mì. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Bákan náà ni ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Remo Stars. Wọ́n gba ife líìgì Nàìjíríà ti sáà 2024/25, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì jó títí orúnkún mi fi wú. Alága ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀, kò sí ọmọ kékeré kan ní Rẹ́mọ tí kò mọ̀. Ó hàn, ó dáa. Àwa gan-an kọ́ ló yẹ kó máa ké pé tẹ́tẹ́ ń bẹ nílùú: lọ́tìrì tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń ta láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, ṣé kì í ṣe orúkọ wa ni wọ́n fi ń pè é, Bàbá Ìjẹ̀bú? Ta ni yóò wá gbọ́ ìwàásù lẹ́nu wa? Ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́, kó ta tẹ́tẹ́. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n fi ohùn ìròyìn tà á fún ẹni tí kò mọ̀ pé ọjà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní sáà tí a gba ife yẹn, mo wà ní pápá ìṣeré wa, mo fi rédíò kékeré sétí. Àṣà àtijọ́ ni, ojú ń wò, etí ń gbọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ròyìn eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn tiwa gba bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n kọjá ẹnì kan, wọ́n kọjá ẹnì kejì, góòlù! Gbogbo pápá fò sókè. Èmi nìkan ni mo jókòó tí mò ń gbọ́ bí jẹ̀díjẹ̀dí ṣe ń dójú ti ọkùnrin níwájú aya rẹ̀. Ó kà á tán, ó sọ iye ìgò àti ibi tí wọ́n ti ń tà á, ó wá ní, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó jọ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ o.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyẹn kò bí mi nínú rárá. Mo mọ̀ pé àgbo ló ń tà, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹmu ló ń kiri, kò sí agogo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti atọ́kùn ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn tí a rí bánà yẹn, mo pè wọ́n lórí ètò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pè kí n tó wọlé. Mo kí i, mo kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù tí ẹ ń kà yìí, ṣé ẹni tó ni ín ló ń sanwó fún yín?” Ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa.” Nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Èmi tí mo dúró sórí òkè ilé! Ibi tí mo ti dá asọ̀rọ̀mágbèsì lóhùn nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Tàbí kí n ní mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, atọ́kùn wa ló bọ́ọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, mi ò tíì wo ojú. Ó gbé rédíò ìyá rẹ̀ wá. Ó ní ìyá náà kì í gbọ́ elòmíràn àfi òun, láti ọjọ́ tí rédíò ti kú ni kò ti jẹ́ kí òun sinmi. Ẹnì kan ló júwe mi fún un. Kò mọ̀ pé èmi ni bàbá onínẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ṣí rédíò náà, mo ní ₦3,500 ni. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, n óò dárúkọ yín lórí afẹ́fẹ́. N óò sọ pé láti ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbé rédíò wá sọ́dọ̀ yín. Ìyẹn ju ₦3,500 lọ.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fojú kàn mí nìyẹn o.

Kí n má parọ́, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo rí i lójú ọkàn mi, àwọn ará Òde, Ìpẹru, Ìṣàrà, wọ́n ń gbọ́ orúkọ mi. Mo rí ìlà oníbàárà. Ìgbà tí mo wá rántí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn mi tó ń jó sọ́dà mọ́ wáyà, ara mi wálẹ̀. Mo ní owó ni n óò gbà.

Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè bí iṣẹ́ náà ṣe rí, ó sì sọ fún mi láìfi nǹkan pamọ́, ọmọ tó yá mọ́ ènìyàn ni. Ilé-iṣẹ́ rédíò yẹn kò san kọ́bọ̀ fún un. Òun ló ń ra àsìkò lọ́wọ́ wọn, lóṣooṣù, tí kò bá sì san, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Epo ọkọ̀, dátà, owó ọmọ tó ń bá a ṣe ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ àpò ara rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ta símẹ́ńtì kì í wá sí ètò eré ìdárayá. Àwọn tó ń tètè wá, tí wọ́n sì ń sanwó lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ni oníjẹ̀díjẹ̀dí àti onítẹ́tẹ́. Onítẹ́tẹ́ ló sì ń san jù. “Bí n kò bá ka kóòdù wọn, Bàbá, ẹlòmíràn á kà á.”

Mo wá bi í nípa agbábọ́ọ̀lù iwájú yẹn. Ta lo bá sọ̀rọ̀ nínú àgọ́ wọn? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp ni òun kà. Ta ló fi ránṣẹ́? Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má dààmú ara mi.

Ọmọ iṣẹ́ mi gbé orí sókè. Ó tún tẹrí padà sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì. Nígbà tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù, ó ní kí n má rò pé ìṣẹ́ ló fà á, pé ibi tí owó ti ń ya bí omi gan-an ni àìsàn náà ti le jù. Ó sọ ti akọròyìn obìnrin kan fún mi, Erin Andrews, ní ESPN, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá l'Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún 2011, níbi eré Rose Bowl, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, obìnrin yìí dúró létí pápá, ó ròyìn pé àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì TCU ń yọ̀ ṣubú nínú bàtà Nike tuntun tí wọ́n wọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé ó ti bá Reebok tọwọ́ bọ̀wé láti máa polówó bàtà wọn. Reebok àti Nike, ẹ mọ̀ pé orogún ni wọ́n. Ariwo pọ̀ débi pé ESPN tún òfin rẹ̀ ṣe lórí irú ìwé àdéhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè tọwọ́ bọ̀.

Mo bi ọmọ mi pé, ṣé bàtà náà yọ̀ àbí kò yọ̀? Ó ní ó ṣeé ṣe kó yọ̀ lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà má ní èrò kankan lọ́kàn. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ wo ọ̀ràn! Òótọ́ lè wà lẹ́nu ẹni kó sì ti di aláìwúlò, nítorí pé owó ti dúró tì í. Bí wáyà iná àti wáyà áàsì bá ti fara kanra nínú rédíò, kò kan pé èwo ló ṣẹ̀ sí ìkejì. Rédíò ti jóná.

Ó tún sọ èyí tó jọ tiwa jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù l'Amẹ́ríkà, fẹ́ mú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun, Shams Charania, akọròyìn tí gbogbo wọn ń gbójú lé, kọ ọ́ sórí Twitter pé ọ̀rọ̀ ń yí sọ́dọ̀ Scoot Henderson, pé òun ni ẹgbẹ́ Charlotte lè mú sípò kejì. Ọ́ọ̀dì, iye tí ilé tẹ́tẹ́ máa san fún ẹni tó bá jẹ, yí lójú ẹsẹ̀, àwọn ènìyàn da owó lé e. Brandon Miller ni Charlotte mú. Nígbà tí Charania sì ń kọ̀ròyìn fún ilé-iṣẹ́ ìròyìn The Athletic, ó tún ń gba owó lọ́dọ̀ FanDuel, ilé tẹ́tẹ́. FanDuel ní àwọn ò mọ̀ sí ohun tó kọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò búra fún ẹni tó sọ owó rẹ̀ nù?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a ò ní òfin. A ní i, ó pọ̀. Lọ́dún 1998, n'Ílọrin, àwọn akọròyìn, àwọn olóòtú àti àwọn tó ni ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà jọ fọwọ́ sí ìlànà pé akọròyìn kò gbọdọ̀ béèrè, kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀gúnjẹ láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀. Ìlànà NBC náà fẹ́ kí ìpolówó dá yàtọ̀ gedegbe sí ètò. ARCON, àjọ ìjọba, wà fún ìpolówó. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù sì dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì, tí kì í ṣe àwọn aṣòfin Àbújá, ọ̀rọ̀ di ti Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí wa mọ́. Ẹ̀yin aṣòfin wa láti Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, ẹ gbọ́ o. Ẹgbẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, FIBAN, náà gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò ná yín ní owó: ìró kan ṣoṣo. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá fẹ́ sọ ohun tí wọ́n sanwó fún, kí ìró kan dún kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún dún tó bá parí, lórí gbogbo rédíò, ìró kan náà, kí ìyá mi tó wà ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá sì wà lára bánà ilé tẹ́tẹ́, kó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó tó lanu nípa eré èyíkéyìí: “Àwọn báyìí ló ń sanwó fún mi.” Gbólóhùn kan. Ẹni tó lè ka kóòdù lẹ́ẹ̀mejì lè sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n á ní kí ni tèmi. Agboòrùn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ilé tẹ́tẹ́ ló ni ín. Wọ́n ń pín in, oòrùn ń pa mí, mo gbà á. Ẹnì kan sì wà ní Alábà tó ń fi ₦500 ránṣẹ́ sí mi lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí mo bá ní kó lọ ra rédíò lọ́dọ̀ rẹ̀. Rédíò náà dáa, n kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ohun tí yóò bàjẹ́ lọ́la. Ṣé mo máa ń sọ fún oníbàárà pé nǹkan kan ń wọlé fún mi níbẹ̀? Láti ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ mi ti wo bánà yẹn ni mo ti ń sọ ọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, n kì í sọ ọ́. Àwọn kan ti ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á lọ rà á níbòmíràn.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ojú ewé eré ìdárayá yín, mo ti ka ohun kan tí wọ́n to bí ìròyìn, tó ní àkọlé bí ìròyìn, tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù, tí mo kà dé ìsàlẹ̀ kí n tó rí i pé ilé tẹ́tẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìlà kejì. Gilaasi mi ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bí lẹ́tà yìí bá gùn jù, ẹ gé e, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má gé ibí yìí.

Fún atọ́kùn wa, tí ẹnì kan bá bá a ka èyí: rédíò ìyá rẹ ti ṣe tán láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Sípíkà ló kú, mo fi òmíràn sí i, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete, ọmọ iṣẹ́ mi ló fi sọ́dà mọ́ ọn. Màmá á ti máa retí rẹ̀. ₦3,500 náà ni, owó lọ́wọ́ tàbí kó o fi ránṣẹ́ sí báńkì.

Èmi ni,
Bàbá Onírédíò,
Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn.